Bísíkíìtì ẹ̀pà, ẹranko orí tíréè, àti irọ́ tí a ń pa mọ́ Carver

Ọ̀rọ̀ gígùn ni mo gbé wá lónìí, ẹ wá nǹkan jíjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé àwòrán kúkíìsì ẹ̀pà mi síbí, àwọn tí mo máa ń ṣe bí ẹranko yẹn, béárì, òwìwí, eku onírù gígùn, ohùn méjì ni mo máa ń gbọ́. Ìkínní á ní, "Oúnjẹ òyìnbó lẹ tún gbé dé." Ìkejì á ní, "Òyìnbó kẹ̀? Ènìyàn dúdú ló dá bọ́tà ẹ̀pà sílẹ̀, ẹ lọ ka ìtàn George Washington Carver." Wọ́n á wá máa bá ara wọn jà lábẹ́ àwòrán mi, kò ní sí ẹni tó máa yin òwìwí mi.

Ẹ jẹ́ kí n lo sáàtífíkéètì ìtàn tí mo gbà ní yunifásítì díẹ̀ lónìí, torí ohùn méjèèjì ló ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀pà fúnra rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ní apá ibi tí a ń pè ní Bolivia àti Argentina lónìí. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbìn ín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí Columbus tó gbéra nílé rẹ̀. Ní ọdún 1987, awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Walter Alva àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣí ibojì ọba kan ní Sipán, ní Peru. Ọba àwọn Moche ni. Lára ohun tí wọ́n bá lára ọba náà ni ẹ̀gbà ọrùn kan tó jẹ́ pé ẹ̀pà ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, 10 jẹ́ wúrà, 10 jẹ́ fàdákà, tòun ti èèpo tó rí hunjọ bó ṣe máa ń rí gan-an.

Ẹ tún un kà o. Wọ́n fi wúrà rọ ẹ̀pà sọ́rùn ọba. Àwa ń ra tiwa nínú ìgò ọtí tí wọ́n ti fọ̀, a sì tún ń ná an.

Àwọn Potogí ló gbé ẹ̀pà yìí sọdá òkun wá sí etíkun wa ní nǹkan bíi ọdún 1500 sí 1600. Ó yára tàn kálẹ̀, ìdí rẹ̀ sì wù mí láti máa sọ: àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ní ẹ̀pà ìbílẹ̀ tiwa, èyí tó rí roboto tí àwọn Igbo fi ń se ọkpá, òun náà ń so sábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ẹ̀pà àjèjì dé, ẹni tó ti ń gbin ti ìbílẹ̀ ò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa á.

Ibi tí ìtàn ti wá korò rèé. Àwọn olówò ẹrú máa ń kó ẹ̀pà sínú ọkọ̀ ojú omi bí oúnjẹ àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, torí ó pọ́ọ́kú, kì í sì í tètè bàjẹ́. Báyìí ni ohun ọ̀gbìn tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá ṣe gba ọwọ́ Áfíríkà dé Amẹ́ríkà ti Àríwá. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́nu wọn títí dòní. Ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn àgbà ṣì ń pe ẹ̀pà ní "goober". Láti inú "nguba" ni wọ́n ti mú un, ọ̀rọ̀ àwọn ará Kongo àti Angola ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ò rí gbà lẹ́nu ẹrú nìyẹn.

Nínú oko kéékèèké tí wọ́n bá fún àwọn ẹrú láyè láti dá fúnra wọn ni wọ́n ti ń gbìn ín. Fún ìgbà pípẹ́, ojú oúnjẹ ẹrú àti oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ funfun fi ń wò ó. Ìgbà ogun abẹ́lé wọn, láti 1861 sí 1865, tí ebi ń pa ọmọ ogun, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ adùn rẹ̀. Ebi kì í mọ àwọ̀, àbí?

Nítorí náà, ẹni tó ní oúnjẹ òyìnbó ni, mo ti dá yín lóhùn. Ó ku ẹ̀yin ará Carver.

Carver kọ́ ló dá bọ́tà ẹ̀pà sílẹ̀. Ní 1884, Marcellus Gilmore Edson, ará Montreal ní Kánádà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ di ohun rírọ̀ bí bọ́tà. Ní 1895, Dókítà John Harvey Kellogg ní Battle Creek, Michigan (bẹ́ẹ̀ ni, ìdílé àwọn onícornflakes) kọ̀wé béèrè ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ilé ìtọ́jú aláìsàn ló ń darí, ó sì fẹ́ oúnjẹ afúnnilókun tí kì í ṣe ẹran fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Ẹ̀pà bíbọ̀ ló ń lọ̀, kì í yan án. Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ta ló ń fi ẹ̀pà bíbọ̀ ṣe bọ́tà? Ó yẹ kí àwọn aláìsàn yẹn pe ẹjọ́.

Ìwé ẹ̀tọ́ kọ́ ló sì ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ìjọba ló ń sọ. Ẹ wo ọbẹ̀ ẹ̀pà ní Ghana, ní Mali, ní Senegal, ní Edo níbí. Ẹ wo kúlíkúlì. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kúlíkúlì? Wọ́n á yan ẹ̀pà, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí yóò fi kúnná di ọ̀rá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún epo rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó mọ ọ́n kí wọ́n sì dín in. Ìyẹn ni pé obìnrin tó ń ṣe kúlíkúlì máa ń ṣe bọ́tà ẹ̀pà lójoojúmọ́, á sì kọjá lára rẹ̀ lọ síbi tó ń lọ, láìbojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ kankan.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ Carver bó ṣe yẹ, torí òtítọ́ rẹ̀ dùn ju irọ́ lọ.

Wọ́n bí i sóko ẹrú ní Missouri ní nǹkan bíi 1864. Ó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà tí àwọn jàgídíjàgan kan wá jí òun àti ìyá rẹ̀ gbé lóru. Moses Carver, ẹni tó ni wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹrú, rán ẹnìkan tọ̀ wọ́n. Ọmọ nìkan ló rí gbà padà. Ẹṣin kan ni wọ́n fi san iṣẹ́ ẹni tó lọ gbà á. Wọn ò rí ìyá náà mọ́ títí dòní. Ọmọ tí iye rẹ̀ jẹ́ ẹṣin kan yìí ló padà gba oyè kejì nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Iowa ní 1896, tí Booker T. Washington sì ránṣẹ́ pè é lọ sí Tuskegee, ní Alabama, lọ́dún yẹn kan náà.

Ohun tó bá ní Alabama burú. Òwú ni gbogbo ayé ń gbìn, lọ́dọọdún, lórí ilẹ̀ kan náà, ilẹ̀ ti ṣá. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń dáko níbẹ̀ ò ní ilẹ̀ tiwọn, gbèsè ni wọ́n fi ń ra irúgbìn. Kòkòrò ajẹ-òwú tó ti Mexico wọlé ní nǹkan bíi 1892 náà sì ń bọ̀ lọ́nà, ó ń jẹ oko òwú run láti Texas wá. Carver ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbin ẹ̀pà àti ẹ̀wà pààrọ̀ òwú, torí gbòǹgbò wọn máa ń dá náítrójìn padà sínú ilẹ̀. Àmọ́ àgbẹ̀ á bi ọ́ ní ìbéèrè kan: bí mo bá wa á tán, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ní 1916, ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó fi dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀pà ló kọ́kọ́ sọ, ó sì to ọ̀nà 105 tí èèyàn lè gbà jẹ ẹ́ tẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, kúkíìsì ẹ̀pà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀pà tí wọ́n gún tàbí lọ̀ ló ní kí wọ́n pò mọ́ fíláwà, ẹyin, ṣúgà àti bọ́tà. Ìyàwó àgbẹ̀ tí kò lówó ló kọ ọ́ fún, kì í ṣe ilé iṣẹ́ oníbísíkíìtì. Nínú ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ti dárúkọ àwọn ìwé mìíràn tó ti rí lára àwọn ọ̀nà yẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló dá wọn sílẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ mẹ́ta péré ló gbà láyé rẹ̀, lórí ohun ìpara àti ọ̀dà. Kò sí ọ̀kankan lórí bọ́tà ẹ̀pà.

Ní oṣù January 1921, ó lọ bá ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa owó-orí ẹ̀pà tó ń ti òkè òkun wọlé. Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fún un. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fi àwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó ń yọ nǹkan jáde nínú àpótí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi àkókò kún àkókò, títí alága fi ní kí ó máa sọ ọ́ lọ bó bá ṣe wù ú.

Ìdí tí mo fi ń bínú sí irọ́ "òun ló dá a sílẹ̀" nìyí. Bí a bá fi adé tí kì í ṣe tirẹ̀ dé e lórí, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọdún 1884 lè wá ká adé náà ní ìṣẹ́jú kan, á sì dà bíi pé ọkùnrin náà ò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣe nira ju kí èèyàn lọ ẹ̀pà lọ. Ó kó ìmọ̀ jọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí tálákà lè kà, ó sì fi ta wọ́n lọ́rẹ.

(Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un: ní Enterprise, ní Alabama níbẹ̀, wọ́n kọ́ ère sí àárín ìlú ní December 1919 láti dúpẹ́ lọ́wọ́ kòkòrò ajẹ-òwú, torí òun ló fipá mú wọn gbin ẹ̀pà tó sọ wọ́n dolówó. Kòkòrò o! Ó ti wà nínú ìwé mi pé mo máa fi kúkíìsì ṣe òun náà.)

Láti Carver dé orí tíréè mi, ó kù díẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kí bọ́tà ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ jókòó, epo á léfòó sókè, ìyókù á le nísàlẹ̀. Ní 1922, Joseph Rosefield ní California rí ọ̀nà tí epo náà kò fi ní yà sọ́tọ̀ mọ́, ó yí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà kó lè dì. Ìgbà yẹn ni ìgò bọ́tà ẹ̀pà tó lè pẹ́ lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù délé gbogbo èèyàn, tí wọ́n sì ń fi bọ́tà náà gan-an po kúkíìsì dípò ẹ̀pà gígún ti Carver.

Ẹ ti rí ìlà tó gba ara wọn kọjá lójú kúkíìsì ẹ̀pà, àbí? Fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìlànà oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ onífíláwà Pillsbury gbé jáde ní 1933 wà lára èyí tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Àwọn kan rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Iṣẹ́ ló wà fún: àpòpọ̀ ẹ̀pà wúwo, kì í tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ti bọ́tà lásán, bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ á jóná, àárín á wà ní tútù.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun gan-an ló jẹ́ kó dáa fún ẹranko.

Bísíkíìtì ẹranko tiẹ̀ ti wà ṣáájú. England ni wọ́n ti ń kó o wọ Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1800 sí 1900, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Ní 1902, ilé iṣẹ́ National Biscuit Company gbé páálí Barnum's Animals jáde, tí wọ́n yàwòrán kìnnìún àti erin nínú àgò sí i lára, bíi ti àwọn aláré tó ń kó ẹranko káàkiri. Sẹ́ǹtì 5 ni wọ́n ń tà á. Okùn tó wà lórí páálí náà, ti Kérésì ni, kí wọ́n lè fi kọ́ sára igi. Ní 2018 ni wọ́n tó yọ àgò yẹn kúrò lẹ́yìn tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹranko pariwo, àwọn ẹranko náà sì ń rìn fàlàlà nínú pápá báyìí. Ọdún 116 nínú ẹ̀wọ̀n páálí!

Ẹranko ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ti inú ilé, èyí tí èmi ń ṣe, mo rí orísun rẹ̀ níbòmíràn. Ní 1957, obìnrin kan láti Ohio mú kúkíìsì ẹ̀pà wọ inú ìdíje yíyan tí Pillsbury ń ṣe, ó sì fi ṣokoléètì ẹlẹ́nu ṣónṣó kan tẹ àárín rẹ̀ bó ṣe ń ti inú oven bọ̀. Kò gba ipò kìíní. Àmọ́ kúkíìsì rẹ̀ ni gbogbo ayé ṣì ń ṣe títí dòní, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń ṣe ti ẹni tó gbégbá orókè mọ́. Ẹni tó bá ti rí ṣokoléètì láàárín kúkíìsì aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, kò ní pẹ́ tó máa rí imú. Bó bá ti rí imú, ojú dà? Etí dà? Àwọ̀ ẹ̀pà jọ irun ẹranko, àpòpọ̀ rẹ̀ kì í sì í tàn kálẹ̀, etí tí ẹ bá mọ sí i lára máa dúró bí ẹ ṣe mọ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé wàyí, torí ibi tó ń dùn mí rèé.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kano ní 1911, ẹ̀pà ló gba gbogbo ọjà. Àwọn oníṣòwò bíi Alhassan Dantata di ọlọ́rọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Wọ́n ń to àpò ẹ̀pà lé ara wọn títí yóò fi ga bí òkè, òun ni àwọn òkè ẹ̀pà Kano tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán àtijọ́. Ẹ̀pà ló wà lára kọ́ìnì 25 kọ́bọ̀ wa àtijọ́. Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Ọkọ̀ ojú irin á gbé e dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi á gbé e lọ sí Yúróòpù, wọ́n á fún epo rẹ̀, wọ́n á fi ṣe májarín àti ọṣẹ. Ọ̀dá òjò dé lẹ́yìn 1970, àrùn rosette kọ lu oko ẹ̀pà ní 1975, owó epo rọ̀bì sì ti wọ gbogbo wa lójú nígbà yẹn. Àwọn òkè náà pòórá.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ṣé ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n máa ń fi wá sí? A gbìn ín, a wa á, a rù ú. Orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀tọ́, orúkọ tó wà lára ìgò, orúkọ tó wà lára páálí, ti ẹlòmíràn ni. Títí di àná tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ìgò bọ́tà ẹ̀pà tó kún pẹpẹ ibẹ̀, òkè òkun ló ti wá, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ẹnu ọ̀nà wọn níta, ọmọbìnrin kan gbé ẹ̀pà yíyan sórí àwo, ó ń polówó.

Èmi ò ra ti inú ìgò mọ́. Ẹ̀pà ni mo ń rà, màá yan án, màá bó o, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́rọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ gbígbẹ lẹ fẹ́ o! Ẹ̀rọ ata kọ́. Bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, rodo ò kí ń gbàgbé ilé. Ẹ ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó kúnná dáadáa.

Kọ́ọ̀pù bọ́tà ẹ̀pà kan, kọ́ọ̀pù ṣúgà kan, ẹyin kan. Ó tán, kò gba fíláwà rárá. Ti ọwọ́ wa máa ń ní epo ju ti ìgò lọ, nítorí náà ẹ da epo tó bá léfòó kúrò, kẹ́ ẹ sì gbé àpòpọ̀ náà sínú fìríìjì fún ìdajì wákàtí kó lè gbọ́ràn sí yín lọ́wọ́. Ooru 175 °C, bíi ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí yóò fi tutù, torí bó bá ṣì gbóná, á fọ́ wẹ́wẹ́.

Ẹ lè ṣe béárì tó bá wù yín, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà fọ́ọ̀kì yẹn dáadáa kẹ́ ẹ sọ fún mi ohun tó jọ. Ẹ̀yìn ìjàpá ni! Láti 1933 ni wọ́n ti ń ya ẹ̀yìn ọkọ Yánníbo sójú kúkíìsì láìmọ̀. Ẹ mọ roboto kan, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ gba ara wọn kọjá, ẹ lẹ ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́rin mọ́ ọn, ẹ fi ìdajì ẹ̀pà ṣe ìrù, ẹ fi ṣokoléètì tó bíńtín ṣe ojú. Orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, bó bá tín-ínrín jù á jóná kí ẹ̀yìn tó jinná, ẹ jẹ́ kó sanra díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi fún ọmọ ọlọ́mọ níbi ayẹyẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gba ẹ̀pà. Ara àwọn mìíràn kì í gbà á rárá, ó sì lè la ẹ̀mí lọ. Ẹ ya àwòrán ìjàpá tiyín kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó bá ṣe kòkòrò ajẹ-òwú kó tó kàn mí, màá bá a jà.